Aṣọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rántí

Síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi tí mo rà nínú aṣọ àlòkù ní Yábà, l'Ékòó, lọ́dún 2016. ₦1,500 ni ìyá tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. Mo ní kó gba ₦500. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó bi mí bóyá orí igi ló ti ń já a. Ìgbà tí mo kẹ̀yìn sí i, tí mo ti rìn dé ọ̀dọ̀ oníbẹ́líìtì, ló pè mí padà, a sì parí ẹ̀ sí ₦700. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ sí íńtáfíù mẹ́ta. Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ̀wé fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, mo sì tún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Síìpù rẹ̀ ti di ẹ̀kẹta. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó yìn ín, mi ò sì rí ẹni tó bú u.

Àbúrò mi kan ló jẹ́ kí n ronú kàn án. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ ni, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà sì ti ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan, kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tán tó fi na fóònù sí mi. "Àǹtí mi, ẹ bá mi wò ó. Àwọn nǹkan tí mo gbọ́dọ̀ rà nìyí."

Nǹkan 25 ló wà nínú àtòkọ tó wà lórí fóònù náà. Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ ń gbé, torí kóòtù òtútù tó gùn kọjá orúnkún ló ṣìkejì. Súẹ́tà onírun àgùntàn wà níbẹ̀. Bàtà tó bo ojúgun wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ti ọrùn ẹni yìí, gèlè òtútù ni. Mo bi àbúrò mi bóyá inú fíríìjì ni ọ́fíìsì wọn wà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò láṣọ rárá ni."

Mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, níwájú báàgì tó kún fún aṣọ.

Ọdún tí èèyàn fi ń ṣe agùnbánirọ̀ máa ń tanni jẹ. Láti 1973 tí wọ́n ti dá ètò náà sílẹ̀ ni ìjọba ti ń fún ọmọ ní kákí, ẹ̀wù funfun, ṣòkòtò péńpé, bàtà bíi ti ṣọ́jà àti fìlà. Odindi ọdún kan, ìjọba ló ń wọṣọ fún ẹ. ₦19,800 ni wọ́n ń san fún àwa lóṣù nígbà náà, mo sì ń rò pé ó tó mi, láìmọ̀ pé ẹni tí kì í ra aṣọ ni owó ń tó. Lọ́jọ́ tí a parí, tí a ya fọ́tò tán, tí kálukú gba ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ, mo tú báàgì mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Jíǹsì, tíṣáàtì tí wọ́n kọ orúkọ kíláàsì wa sí, àti aṣọ ẹbí mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án! Léèsì aláwọ̀ iyùn, ańkárá tí wọ́n ta òkúta sí láyà, èyí tí wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ bí ojú fèrèsé. Ẹni mẹ́sàn-án ti ṣègbéyàwó lórí mi, mi ò sì ní ẹyọ aṣọ kan tí mo lè wọ̀ lọ wáṣẹ́.

Bí mo ṣe gba Yábà lọ nìyẹn. Síkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ṣe mí lóore, bàtà ló dójú tì mí. Bàtà dúdú ni, onígìgísẹ̀ kékeré, àmì òyìnbó wà nínú rẹ̀, kò sì jẹ nísàlẹ̀ rárá, bíi pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Mo rà á ní ₦2,000, mo sì ń dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo wọ̀ ọ́ lọ sí íńtáfíù mi àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wọ inú ilé náà, mo rò pé iyanrìn ni mo ń tẹ̀. Mo jókòó, mo bojú wẹ̀yìn: táìsì funfun, ohun dúdú kan sì tò tẹ̀lé mi láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, bí ipa ọ̀nà ìjàlọ. Ìsàlẹ̀ bàtà mi ni. Ó ń wó bí àkàrà tó ti sùn. Ìyá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ rí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá a láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹsẹ̀ mi, ó kó o, ó sì lọ. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ẹsẹ̀ òsì mi ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Wọn ò gbà mí.

Abókí tó ń tún bàtà ṣe ládùúgbò wa ló là mí lóye. Ó fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀kejì, ó sì fọ́ bíi bisikíìtì. Ó ní irú ìsàlẹ̀ tó fúyẹ́, tó rọ̀ bíi fóòmù yẹn, bó bá pẹ́ jù ní ìpamọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́ láti inú wá, ì báà má tíì kan ẹsẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ. Bàtà òkìrìkà tó mọ́ jù, tí kò jẹ níbì kankan, òun gan-an ni kí èèyàn fura sí. Èyí tí ẹnì kan ti wọ̀ díẹ̀, tí ó tẹ̀ tí kò sán, ti jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìgbà tí mo wá ríṣẹ́, mo tún ṣe àṣìṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti ẹni tó lówó lọ́wọ́ fúngbà àkọ́kọ́. Mo wọ ilé ìtajà kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, mo sì ra súùtù aláwọ̀ eérú ní ₦24,000. Nínú dígí wọn, mo dà bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò gbé dígí kankan sínú dánfó. Ìyànà-Ìpájà ni mo ti ń wọkọ̀. Kí á tó dé Òṣòdì, láínì inú kóòtù náà ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, òógùn ń ṣàn gba ìdí mi lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìṣó kan tó yọrí lára àga bọ́ọ̀sì fà á ya nígbọ̀nwọ́. Kò ṣeé fọ̀ nílé, fífọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ sì ń gbówó. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦4,000 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ mí. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú mi, bí a bá ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, kódà kí á ro owó síìpù mọ́ ọn, kò tíì jẹ mí ní ₦10 lọ́jọ́ kan.

Àṣìṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwìn ni. Obìnrin kan wà tó máa ń wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ Ẹtì, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, á tú aṣọ sórí tábìlì. Kì í gbowó lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìwé pélébé kan tó ń kọ orúkọ wa sí. Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló, torí bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Tiwa kì í lóṣòó. Agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ló máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, á kí mi, á kí ilé, á gbàdúrà fún mi, á wá kọ iye rẹ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù mi ti di tirẹ̀ kí ojú mi tó kàn án. Aṣọ tí mo sì ń rà, kí ni mo ń rà á fún? Kí wọ́n má baà rí mi nínú ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òde ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ. Òde ni gbogbo wa ti kọ́ ọ. Bí èèyàn bá wọ aṣọ kan lọ sí òde, ohun tó ń wá ni kí wọ́n rántí rẹ̀. Kí wọ́n máa bi ara wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ta ló rán an fún un. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń ti èèyàn láti tún wọ léèsì kan náà lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà. Ní ti iṣẹ́, àwọn ìyá wa àgbà kò nírú ìṣòro yìí, torí aṣọ tó ti gbó jù ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóko. Aṣọ iṣẹ́, àkísà ni. Ọ́fíìsì ló dé tó sọ pé aṣọ dáadáa ni kí á máa wọ̀ lọ ṣiṣẹ́, aṣọ dáadáa tí àwa sì mọ̀, ti òde ni. A kó ojú òde wọ ọ́fíìsì.

Ìyá mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n n'Ìbàdàn, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọmọ. Aṣọ òde wọn wà nínú àpótí pẹ̀lú káfúrà. Aṣọ ilé-ìwé wọn wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn: síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, bùláòsì márùn-ún, ó tán. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n á tẹ́ bùláàńkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, wọ́n á lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, nígbà tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣì wà nílé wa. Mo bi wọ́n nígbà kan pé ṣé ojú ò ń tì wọ́n ni, pé àwọn ọmọ kíláàsì wọn á ti mọ àwọ̀ aṣọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí. Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni àwọn ọmọ fẹ́ máa wò ni, àbí pátákó?"

Mi ò sọ pé aṣọ ò já mọ́ nǹkan o. Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì gbó. Ohun tí mo ti wá kíyè sí ni pé àléébù ni ojú ọ́fíìsì máa ń mú: òwú tó ń já létí aṣọ, bọ́tìnnì tó la ẹnu láyà, bàtà tó pọ́n nígìgísẹ̀, òórùn òkìrìkà tí kò tíì kúrò. Àwítúnwí aṣọ, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀, kì í mú un. Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, mo pàdé obìnrin kan tí a jọ jókòó ti ara wa níbiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. A jẹun, a ṣòfófó. Mo sọ fún un pé mo ṣì ní síkẹ́ẹ̀tì dúdú yẹn.

"Síkẹ́ẹ̀tì wo?"

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni mo ń tìtorí rẹ̀ ra aṣọ láwìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé: òṣùwọ̀n náà ò dọ́gba. Ọ̀gá wa ọkùnrin kan, ṣòkòtò méjì ni mo mọ̀ mọ́ ọn fún ọdún mẹ́ta, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan bí eérú, gbogbo ayé sì gbà pé ẹni tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ni. Obìnrin tí kò bá kun àtíkè lọ́jọ́ kan, wọ́n á bi í bóyá ibà ló ń ṣe é. Mi ò ní oògùn fún ìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti àbúrò mi gba Yábà lọ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Mo ti pa mẹ́rìnlélógún nínú nǹkan 25 rẹ̀ rẹ́. Bàtà dúdú pẹlẹbẹ nìkan ni mo fi sílẹ̀. Owó ti yí padà o. Iye tí mo fi ra síkẹ́ẹ̀tì mi kò lè ra ọ̀rá tí wọ́n á ká a sí mọ́, ká má fọ̀rọ̀ gùn. Òkèèrè ni bélì aṣọ òkìrìkà ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba Kùtọ́nú wọlé, bí òfin tiwa tilẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe kó àlòkù aṣọ wọ̀lú. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo òǹtàjà gbọ́. Òkìrìkà ni à ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́, orúkọ ìlú etí omi kan ní ìpínlẹ̀ Rivers, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òde òní ní kí n má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Tírífù" ni wọ́n ń pè é báyìí. Owó rẹ̀ sì gòkè bá orúkọ.

Bùláòsì funfun kan ni àbúrò mi kọ́kọ́ fà yọ, inú rẹ̀ sì dùn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e dojú kọ oòrùn. Kò sí ihò. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo wo abíyá: ó ti pọ́n bí epo tó ta sí ògiri. Òógùn ẹlòmíràn nìyẹn, Jik ò lè bọ́ ọ, ńṣe ni á tún máa pọ́n sí i. Mo dá a padà. Èkejì, abíyá rẹ̀ mọ́, kọ́là rẹ̀ dúró. Mo fún un mọ́ inú ọwọ́, mo ka méní títí dé mẹ́wàá, mo sì là á sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún aṣọ mi lọ́rùn pa o," ni ọmọkùnrin tó ń tà á wí.

Ó wé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ bí ojú arúgbó. Òwú gidi ni, ó tutù, ó dára fún ooru wa, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló máa béèrè áyọ́ọ̀nù, àbúrò mi sì ń gbé ibi tí iná NEPA ti ń wá bí àlejò. Èyí tí kì í wé rárá, ike ni, á sì sè é nínú bọ́ọ̀sì. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, tó wé díẹ̀ tó sì tún ara rẹ̀ ṣe, òun ni a wá rí ní ìdí kẹta. A rí irú rẹ̀ mẹ́rin, ₦3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: funfun, pupa rúsúrúsú, aláwọ̀ sánmà, àti ọ̀kan tí mi ò mọ orúkọ àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá àwọn yòókù rẹ́. Ṣòkòtò dúdú, a wo ibi tí itan ti ń ha ara wọn. Síkẹ́ẹ̀tì méjì. Kóòtù kan tí kò ní láínì, tí èjìká rẹ̀ bá a mu. Ẹ̀gbẹ́ àti apá, télọ̀ lè dín in kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra kóòtù tí èjìká rẹ̀ tóbi ti ra wàhálà. Lẹ́yìn tí a san owó bàtà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦47,000. Ó ti tọ́jú díẹ̀díẹ̀ pamọ́ nínú ₦77,000 tí wọ́n ń san fún àwọn agùnbánirọ̀ báyìí.

Ọ̀bíọma kan, télọ̀ alárìnkiri, ń kọjá lọ, máṣínnì lórí èjìká, ó ń fi sáàsì gbá a, kẹ́n-kẹ́n-kẹ́n. A dá a dúró. Ó gbé máṣínnì kalẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ó fún ìbàdí ṣòkòtò mọ́, ó ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lójú mi, ibẹ̀ gan-an ni aṣọ ti di tirẹ̀. Mo ti rí aṣọ olówó ńlá tó dà bí àyáwọ̀ lára olówó rẹ̀ nítorí pé kò ná ₦1,500 fún télọ̀. Nígbà tí a délé, a rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú iyọ̀ àti Dettol, a sì sá a sóòrùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ń wọ aṣọ ìbílẹ̀, mo sọ fún un pé aṣọ ẹbí rẹ̀ ló máa lò. Kí télọ̀ tú òkúta àyà rẹ̀, kó gé ìrù rẹ̀, kó sọ ọ́ di bùbá lásán. Tó bá rówó níwájú, kó gba Ìtọ́kú l'Abẹ́òkúta lọ ra àdìrẹ ọ̀pá mẹ́rin, kó sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ kí aró rẹ̀ má baà pa bùláòsì funfun. Mo sì rántí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, olùkọ́ tó mọ aṣọ òyìnbó í wọ̀, tó pa á tì l'Abẹ́òkúta yẹn ní àwọn ọdún 1940, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ìró, tó ń wé gèlè bíi ti àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń kó jọ. Èmi rò pé ohun tí ìyá mi ń wá níwájú pátákó náà ló ń wá: kí aṣọ má dúró sáàárín òun àti àwọn tí òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

"Sílípáàsì ni kó o máa wọ̀ nínú bọ́ọ̀sì," mo tún sọ fún un. "Fi bàtà yẹn sábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì, kó máa sùn síbẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí mi."

Nígbà tí a ń bọ̀ láti Yábà lọ́jọ́ náà, a ti fẹ́ débi tí a ó ti wọkọ̀ nígbà tó dúró lójijì. Kaba aláwọ̀ òféèfèé kan ló wà lórí ọ̀pá, apá rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ìdí rẹ̀ ń tàn. Kò sí ọ́fíìsì kan láyé yìí tí wọ́n lè wọ̀ ọ́ lọ. Ó fọwọ́ kàn án, ó fọwọ́ kúrò, ó tún fọwọ́ kàn án. Obìnrin tó ń tà á ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún jálẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí.

Mo yọ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ látinú báàgì mi, mo kà á sọ́wọ́ obìnrin náà.